Ìwọ̀fà Inú Kóòdù: Ta Ló Jẹ Gbèsè, Ta Ló Ń San Èlé?

Gbèsè kan wà tí akọ̀wé owó kì í kọ sínú ìwé. Báńkì kì í kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀, agbowó kì í tìtorí rẹ̀ kanlẹ̀kùn. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń san èlé orí rẹ̀, àwọn tó sì ń san án kọ́ ló yá a. Inú kóòdù ni gbèsè náà wà. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní technical debt. Nínú àròkọ yìí, gbèsè kóòdù la ó máa pè é.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá kò jìnnà. Ìwáyà la wà. Yunifásítì Èkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Mákòókò kò jìnnà, ẹni tó bá sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kò ní pẹ́ dé Sábó àti ọ̀nà Herbert Macaulay, níbi tí ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ti pọ̀. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ní àdúgbò yìí, àwọn kan ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn kan ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn mìíràn ń ka òfin tàbí ìtàn lọ́sàn-án, wọ́n sì ń kọ kóòdù lóru. Láti ọdún 1973 tí ìjọba ti dá ètò SIWES sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kó tó gboyè, I.T. ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ń fi ayọ̀ lọ ṣe I.T. ní Yaba. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn kan nínú wọn á padà wálé, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ rí kóòdù mọ́.

Kí ló dé? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé iṣẹ́ náà le. A ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń fi òru mẹ́ta jagun pẹ̀lú kóòdù ara wọn, tí inú wọn á sì máa dùn. Èlé gbèsè ẹlòmíràn ló ń lé wọn. Ìtàn gbèsè yìí la fẹ́ sọ, nítorí ó ti pẹ́ ju Yaba lọ.

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi gbèsè ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1992, níbi ìpàdé kan tí wọ́n ń pè ní OOPSLA, ó ròyìn iṣẹ́ tí òun àti ikọ̀ rẹ̀ ṣe lórí WyCash, sọ́fítíwíà kan fún àwọn tó ń bójú tó owó ìdókòwò. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbé kóòdù tí kò tíì gún régé jáde dà bí ẹni tó yáwó. Owó yíyá kò burú, ó máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ tètè lọ, bí wọ́n bá sáà ti padà wá tún kóòdù náà kọ kíákíá. Ewu wà níbi tí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, nítorí gbogbo wákàtí tí wọ́n bá lò lórí kóòdù tí kò gún yẹn, èlé ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù, ẹ jẹ́ ká fi ilé ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìdílé kan fẹ́ kó wọ ilé tuntun kí òjò tó dé. Wọ́n fa wáyà iná kan ṣoṣo láti yàrá dé yàrá, wọ́n ní bí owó bá dé, àwọn á pe oníṣẹ́ iná gidi. Wọ́n kó wọlé, òjò ò pa wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún kọjá, wọn ò pe ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti ń gba ayálégbé. Ayálégbé tuntun dé, ó fẹ́ so fáànù kan péré mọ́ àjà. Bó ti tan fáànù, iná gbogbo ilé kú. Àwọn èèyàn yọjú láti yàrá mẹ́ta: “Kí lo fọwọ́ kàn?”

Ẹ má gbàgbé ìbéèrè yẹn. Òun ni ọ̀rọ̀ tó ń pa ọkàn òṣìṣẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló fa wáyà náà.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa èlé

Yorùbá ti mọ irú gbèsè báyìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láyé àtijọ́, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ìdílé kan bá nílò owó láti sìnkú, láti gbéyàwó, láti san ìtanràn tàbí láti ra ohun ogun, wọ́n lè lọ yá a lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀. Wọ́n á wá fi ọmọ tàbí àbúrò kan ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀ náà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà, wọn ò sì lè tà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Kò dín ojú owó kù. Ì báà sìn fún ọdún kan, ì báà sìn fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọ́n máa dá padà kó tó lè máa lọ sílé. Bí ìwọ̀fà bá kú pàápàá, gbèsè kì í bá a kú.

Ẹ wo ohun mẹ́ta nínú àṣà yìí. Èkíní, ẹni tó yáwó kọ́ ló ń kọ ebè. Èkejì, òógùn ìwọ̀fà kì í dín gbèsè kù. Ẹ̀kẹta, òmìnira rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ara rẹ̀: bó ti wù kó mọ ebè kọ tó, àwọn tó wà nílé ló máa wá owó.

A ò sọ pé ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù nínú ọ́fíìsì kan ní Yaba ń jẹ irú ìyà tí ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà jẹ. Èèyàn ni wọ́n fi dúró fún owó nígbà yẹn, ó sì dára bí àṣà náà ṣe parẹ́. Ìṣirò inú rẹ̀ là ń wò. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lónìí láti máa lẹ kóòdù ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tí wọn ò sì fún un láyè láti tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ kọ, èlé ló ń san. Bó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ojú owó ṣì wà níbẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó ń kọ ilé tuntun lọ, kò sì ní ohun kan tó lè nawọ́ sí pé òun lòun ṣe é.

Àwọn nọ́ńbà méjì tó gbọn ayé

Gbèsè kóòdù tí ayé mọ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà ṣì wọ́n gan-an. Àwọn tó ń kọ kóòdù láàárín ọdún 1960 sí 1980 fi nọ́ńbà méjì péré dúró fún ọdún: 1967 di 67. Wọn ò rò pé kóòdù náà máa pẹ́ láyé. Ó pẹ́. Bí ọdún 2000 ti ń bọ̀, ìbẹ̀rù dé pé kọ̀ǹpútà máa ka 00 sí 1900, tí ìṣirò èlé, owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ìrìnnà máa dàrú. Káàkiri ayé, wọ́n ń ka kóòdù ní ìlà-ìlà. Wọ́n pe àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì padà síbi iṣẹ́, nítorí àwọn ló ṣì gbọ́ èdè COBOL dáadáa.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2000 dé, nǹkan ò sì fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Kí làwọn èèyàn wá sọ? Wọ́n ní ariwo lásán ni, wọ́n ní wọ́n fi dẹ́rù bani kí wọ́n lè rówó gbà ni. Ẹ rò ó wò: ẹni kan fi ọdún méjì san gbèsè tí kò yá, lọ́jọ́ tó san án tán, wọ́n ní gbèsè kankan ò sí níbẹ̀ rí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó kọ́lé tuntun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tí kò jẹ́ kí ilé àtijọ́ wó, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan.

Báńkì tó ṣègbéyàwó ní kánjúkánjú

Nílẹ̀ wa, ibi tó rọrùn jù láti rí gbèsè yìí ni báńkì. Ní oṣù keje ọdún 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25, kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà yẹn. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Báńkì márùn-ún para pọ̀ di Skye. Mẹ́sàn-án para pọ̀ di Unity. UBA àti Standard Trust Bank di ọ̀kan.

Lórí ìwé, ìgbéyàwó ti parí. Nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ìyàwó ọ̀ṣìngín ṣì ń wá ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò sí. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló gbé àkọsílẹ̀ oníbàárà tirẹ̀ wá, pẹ̀lú bó ṣe ń kọ orúkọ àti bó ṣe ń to nọ́ńbà àkáǹtì. Ọdún 2010 ni Báńkì Àpapọ̀ tó gbé ìlànà NUBAN jáde, èyí tó sọ nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo di nọ́ńbà mẹ́wàá. Ọdún 2014 ni BVN tó dé, tí a fi lè mọ̀ pé ẹni kan náà ló ní àkáǹtì mẹ́ta ní báńkì mẹ́ta. Ìjọba fún owó ní gbèdéke. Kò sẹ́ni tó fún kóòdù ní gbèdéke.

Ẹrù wá ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ètò kí á dín owó bébà kù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ náírà, tí owó bébà wọ́n bí ojú, gbogbo èèyàn sá lọ sórí tíráńsífà. Ẹni tó lọ ra ẹja ní Mákòókò fi owó ránṣẹ́. Owó kúrò ní àkáǹtì rẹ̀, kò dé ọwọ́ ìyá ẹlẹ́ja. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo fóònù. A rántí bí wọ́n ṣe ń bú báńkì lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, àwa náà bú u. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo tíráńsífà tó há, àwọn kan wà nínú ọ́fíìsì kan tí wọn ò sùn, tí wọ́n ń wá ibi tí owó há sí nínú kóòdù tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní pírámárì.

Lọ́dún 2024, àwọn báńkì ńlá mélòó kan, títí kan Zenith, GTBank àti Sterling, pààrọ̀ sọ́fítíwíà tó jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ìyà jẹ oníbàárà. Àwọn kan ò rí owó wọn ná fún ọjọ́ mélòó kan, ariwo sì gba ìlú. Lójú tiwa, ojú owó ni wọ́n ń san nígbà yẹn, ojú owó sì máa ń dunni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìrora ojú owó ní ọjọ́ tó máa parí. Ti èlé ò ní.

Yaba yáwó

Ilé ẹ̀kọ́ ni Yaba kó tó di ilé kóòdù. Yaba Higher College bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940, Yaba College of Technology tẹ̀ lé e ní 1947, Yunifásítì Èkó sì dé ní 1962. Ní 2011, Co-Creation Hub tí Bosun Tijani àti Femi Longe dá sílẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní ọ̀nà Herbert Macaulay. Andela dé ní 2014. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook dé Yaba, ó sì ṣàbẹ̀wò sí ibi méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwáyà àti Onike ló gbà pé kóòdù lè gba òun là.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe kó má yáwó. Owó olùdókòwò ń tán lọ, náírà ń jábọ́, iná kò dúró, ẹlòmíràn sì ń kọ irú áàpù kan náà ní òpópónà kejì. Bí wọn ò bá tètè gbé nǹkan jáde, kò ní sí ilé-iṣẹ́ tó máa padà wá tún kóòdù kọ. Nítorí náà, a ò bú àwọn tó yá a. Ẹni tó bá sọ pé kóòdù gbọ́dọ̀ pé pérépéré kó tó jáde, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé kò tíì sanwó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Andela dá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, wọ́n tó bí 400. Wọ́n ní àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọjà ń fẹ́. Ní 2020, àrùn kòrónà kọ́ ayé pé èèyàn lè jókòó sí Èkó kó máa ṣiṣẹ́ fún Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn-àjò tí gbogbo wa ń pè ní jápa gbilẹ̀. Àwọn àgbà iṣẹ́, àwọn tó mọ ìdí tí wáyà fi gba ibí yìí kọjá, wọkọ̀ òfuurufú. Wáyà kò bá wọn lọ. Ta ló kù? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ I.T., ẹni tó gboyè lésìí. Bí ìwọ̀fà kan bá lọ, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò.

Bó ṣe ń jẹ ọkàn

Lọ́dún 2018, Stripe, ilé-iṣẹ́ tó ra Paystack ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, gbé ìwádìí kan jáde. Nínú wákàtí 41.1 tí ẹni tó ń kọ kóòdù ń fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ìwádìí náà ní wákàtí 13.5 ń lọ sórí gbèsè kóòdù, wákàtí 3.8 mìíràn sì ń lọ sórí kóòdù tí kò dára. Terese Besker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden náà ṣe ìwádìí tiwọn. Wọ́n rí i pé ìpín 23 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ ni gbèsè yìí ń jẹ. Èyí tó dùn wá jù nínú ohun tí wọ́n rí ni pé, níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá bá gbèsè pàdé, ńṣe ló ń di dandan fún un láti yá òmíràn lé e.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ṣàlàyé rẹ̀, láìdárúkọ òun tàbí ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì I.T. rẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe ohun kékeré kan: kí oníbàárà lè yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà lórí áàpù. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó ṣe é lọ́jọ́ kan lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ibi mẹ́rin ni wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tó sọ èwo ni baba àwọn yòókù. Ẹni tó mọ̀ ti wà ní Kánádà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àràárọ̀, nígbà tí kálukú bá ń sọ ibi tó bá iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ: “Mo ṣì wà lórí nọ́ńbà fóònù.” Nígbà tí wọ́n wá gbé e jáde, ìsọfúnni bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà kan kò lò mọ́. Lórí gúrúùpù WhatsApp ikọ̀ náà, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ jáde: “Ta ló fọwọ́ kan ibẹ̀?”

Ó yanjú ẹ̀. Ó lẹ ibi karùn-ún mọ́ mẹ́rin tó wà níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀gá sì ń dúró. Láti ọjọ́ náà, kò sọ pé òun fẹ́ gbìyànjú ohunkóhun mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un ló ń ṣe, ó sì ń ka ọjọ́.

Ọgbẹ́ mẹ́ta ló gbà níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tó lọ síwájú. Wọ́n dá a lẹ́bi ohun tó bá nílẹ̀. Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù: wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ń yá gbèsè. Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù tó mọ́. Níbi iṣẹ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí tí ojú ń tì í láti fi han ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nìyí ń dùn jù. Ẹni tí kò bìkítà kò ní gbọgbẹ́.

Àwọn àgbà iṣẹ́ kan á ní ọmọ ìsinsìnyí kò ní ìfaradà, pé nígbà tiwọn, iná ò sí, íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, wọ́n sì ṣe é. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé gbogbo kóòdù tí ayálégbé tuntun bá rí ló máa ń sọ pé kò dára, nítorí pé òun kọ́ ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn àgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ òfìfo. Ìnira tiwọn ni pé ohun èlò kò sí. Ẹni tó ń la igbó kọ́ ilé tirẹ̀ lè fara da ebi, nítorí ó ń rí ilé tó ń ga sókè. Ìwọ̀fà náà ní ìfaradà; ohun tí kò ní ni ọjọ́ ìràpadà.

Bí wọ́n ṣe ń ra ìwọ̀fà padà

Ibi tí ìtàn ti wúlò jù nìyí. Ìwọ̀fà kì í fi agbára apá ra ara rẹ̀ padà. Ilé ni wọ́n ti ń jókòó, tí wọ́n á gbà pé gbèsè wà, tí wọ́n á sọ iye rẹ̀, tí wọ́n á sì máa tu owó jọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kan tí àwọn èèyàn wa ń gbà kó owó ńlá jọ láyé ọjọ́un, tí wọ́n ṣì ń gbà dòní, ni èésú: kékeré lọ́sẹ̀, kó di ńlá lọ́jọ́ kan.

Ikọ̀ tó bá fẹ́ kí ọkàn àwọn èèyàn rẹ̀ padà bọ̀ sípò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá yá a: ohun tí wọ́n fò, ìdí tí wọ́n fi fò ó, orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n fò ó. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún sísan ojú owó, kí ọjọ́ náà má sì jẹ́ ohun tí ọ̀gá lè gbà padà nítorí áàpù tuntun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹni tó yá gbèsè náà sì wà lára àwọn tó ń san án, nítorí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ìwádìí mìíràn tí Besker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2020, lórí gbèsè kóòdù àti ọkàn àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n rí i pé gbèsè náà ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì ní pàtàkì nítorí pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ lọ síwájú, àti pé bí wọ́n bá ń bójú tó o bó ṣe yẹ, ọkàn á tún sọjí. Gbèsè kò tíì tán o. Wọ́n sáà rí i pé ó ń dín kù.

Kí wọ́n sì máa kọ nǹkan sílẹ̀. Samuel Johnson tí a dárúkọ lókè parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní England, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1921. Bí Johnson bá fi gbogbo rẹ̀ sí orí ara rẹ̀ nìkan, bí ọ̀pọ̀ àgbà iṣẹ́ ní Yaba ṣe ń ṣe, a ò bá má rí ohun tí a fi mọ ìwọ̀fà tó báyìí. Iṣẹ́ àbúrò náà kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa lọ ṣe I.T. lọ́dún yìí, bí wọ́n bá bi yín léèrè lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ṣé ẹ ní ìbéèrè, ẹ bi wọ́n ní mẹ́ta. Ta ló kọ kóòdù tí mo máa bá níbẹ̀? Ṣé ó ṣì wà níbí, tàbí ó kọ nǹkan sílẹ̀? Ìgbà wo lẹ ya àyè sọ́tọ̀ kẹ́yìn láti tún un kọ? Bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò bá rẹ́rìn-ín músẹ́ lásán tó sì yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ lè gba iṣẹ́ náà o, ebi kì í gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ pẹ̀lú ìmọ̀ pé tó bá rẹ̀ yín, kì í ṣe pé ẹ ya ọ̀lẹ.

Àti àwa tí a ń kọ áàpù tiwa nínú yàrá ní Ìwáyà lóru, tí a ń sọ pé “ẹ jẹ́ kó sáà ṣiṣẹ́ ná”: a máa yáwó, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ wa sí i.